Ọmọ Tí Wọ́n Bí Sínú Ọkọ̀ Adégbóyè

Ènìyàn lè rí ara rẹ̀ lójúkojú kó má mọ̀ pé òun ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Adégbóyè awakọ̀ nìyẹn lọ́jọ́ Àìkú ìkórè, nínú gbọ̀ngàn ìjọ Áńgílíkà kan n'Íkọ̀lé, níṣojú tọmọdé tàgbà.

Ìsìn ti parí. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ tan fídíò ọpẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà sára ògiri funfun kí àwọn èèyàn lè máa wò ó bí wọ́n ti ń jẹun. Adégbóyè jókòó ti Fẹ̀yìntọlá ìyàwó rẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì, inú rẹ̀ dùn. Bàbá arúgbó kan yọ lára ògiri, ó kẹ́yìn sí wọn. Àtàrí bàbá náà ti pá, èjìká rẹ̀ kan ga ju ìkejì lọ, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tí bàtà rẹ̀ tóbi jù. Àánú ṣe Adégbóyè. Ó na ṣíbí sí ògiri, ó gbé ohùn sókè:

"Ta ló ní kí bàbá yìí máa jó lọ síwájú pẹpẹ? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ò rí àga gbé fún un ni?"

Ẹ̀rín sọ nínú gbọ̀ngàn. Àwọn kan rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Fẹ̀yìntọlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́wọ́ lé itan ọkọ rẹ̀, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Bàbá Mipọ̀sí, ẹ̀yin nìyẹn."

Àsìkò yẹn gan-an ni bàbá inú fídíò yíjú padà. Ojú Adégbóyè ni. Aṣọ tó wọ̀ sọ́rùn níbi tó jókòó sí náà ni bàbá náà wọ̀. Ìrẹsì di iyanrìn lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, kò bọ́ aṣọ, kò jókòó. Ó ń rìn káàkiri yàrá.

"Ìgbà wo?" ló ń wí. "Ìgbà wo ni wọ́n ṣe mí báyìí?"

"Ẹ ti lé lọ́gọ́ta," ni Fẹ̀yìntọlá dáhùn. "Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ iye ọdún mi. Mi ò mọ̀ pé ó ti dé ara mi ni." Ó dúró lójijì. "Ṣebí ijọ́sí la sin ìyá mi?"

"Ijọ́sí wo? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè wọn, ọmọ ọmọ rẹ̀ là ń jẹ báyìí."

"Mipọ̀sí ńkọ́? Ṣebí ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún ló wọ yunifásítì?"

Fẹ̀yìntọlá wò ó títí. "Bàbá Mipọ̀sí, ọmọ Mipọ̀sí àkọ́kọ́ ti ń lọ sílé-ìwé."

Adégbóyè fìdí balẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀. Ó dà bíi pé olè kan ti ń wọlé kó o lẹ́rù láti ọjọ́ yìí wá, tí òun sì ń kí i pé ẹ káàárọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó tún lọ sí páàkì. Kí ni ì bá tún ṣe? Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń wa kábúkábú lójú ọ̀nà kan ṣoṣo: Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìfàkì, Ìdó, kó tún yí padà. Ó mọ gbogbo kòtò ọ̀nà náà bí ẹni mọ eyín ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ló jókòó síwájú. Lẹ́yìn ni ọkùnrin kan tó gbé Bíbélì lọ́wọ́ wà, pẹ̀lú ìyá àgbà kan láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu tó kó iṣu sí búùtù, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó gbé ọmọ ọwọ́ lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Adégbóyè gbádùn. Kí wọ́n tó jáde n'Íkọ̀lé ló ti rò ó fún wọn, ó sì bi wọ́n pé kí ló dé tí ọdún fi ń sáré báyìí.

"Ọjọ́ ìkẹyìn ni," ni ọkùnrin oníbíbélì wí. "Olúwa ti ké ọjọ́ kúrú. Ó wà nínú Ìwé Mímọ́."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má bínú, sà. Olùkọ́ wa kan ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ó ní lọ́wọ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ọdún kan jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ayé tó ti mọ̀. Ọdún kan náà, lọ́wọ́ ẹni ọgọ́ta, kò ju èérún lọ. Bí ẹ bá da ife omi kan sínú ife, ó kún. Ẹ wá dà á sínú àgbá, ẹ ò ní í rí i mọ́."

"Ọ̀rọ̀ rẹ dùn létí," ni ìyá àgbà wí. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan èjìká Adégbóyè. "Dírẹ́bà, kí lo ṣe lọ́jọ́ Ajé tó kọjá?"

"Mo wakọ̀, mà."

"Èyí tó ṣáájú ẹ̀ ńkọ́?"

"Mo wakọ̀."

"Èyí tó ṣáájú ìyẹn?"

Adégbóyè wá inú ọkàn rẹ̀ títí fún ọjọ́ Ajé kan, èyíkéyìí, nínú ọdún yìí tàbí èyí tó kọjá. Kò rí ẹyọ kan mú jáde. Gbogbo wọn ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀bà àná. Jìnnìjìnnì bò ó.

"Ùgbà ń lọ o, ọmọ mi, ìgbà ń lọ," ni ìyá náà wí.

Akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀ l'Ọ́yẹ́. Wọn ò tíì rìn jìnnà síbẹ̀ tí ọ̀dọ́mọbìnrin ẹ̀yìn fi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá dé afárá iwájú yẹn, ẹ rọra. Mo fẹ́ fi han ọmọ mi. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

"Lórí afárá?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú mọ́tò. Màmá mi ní dírẹ́bà kan tó ń jẹ́ Adégbóyè ló gbé wọn lọ́jọ́ náà."

Adégbóyè tẹ bíréèkì. Iṣu yí gbirigbiri ní búùtù, ọmọ ọwọ́ bú sẹ́kún, ọkùnrin oníbíbélì pe Jésù. Adégbóyè yí gbogbo ara padà sẹ́yìn.

"Ìmọ́lẹ̀olúwa?"

Ẹnu ya ọmọbìnrin náà. "Ta ló sọ orúkọ mi fún yín?"

"Èmi ni Adégbóyè," ló wí. Gbogbo ọjọ́ yẹn ti ya lu orí rẹ̀. Ó rántí pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ilẹ̀ sì ń ṣú. Ó rántí adìẹ èrò kan tó ń ké ní búùtù, àti bí obìnrin tó ń rọbí ṣe di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú tó sì ń bú ọkọ rẹ̀. Ó rántí àwọn obìnrin mẹ́ta tó tú aṣọ ìró wọn, tí wọ́n fi ṣe asà, àti ọ̀kan nínú wọn tó pariwo pé, "Dírẹ́bà, tanná ọkọ̀ rẹ, a ò ríran!" Ó tanná, ó kẹ́yìn sí wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹkún ọmọ tuntun sọ, ìyá rẹ̀ sì wí nínú àárẹ̀ pé Ìmọ́lẹ̀olúwa ni yóò máa jẹ́. Kò sí ohun tó bọ́ sọnù nínú rẹ̀. Ó mọ ọjọ́ yẹn ju oúnjẹ tó jẹ lánàá lọ.

"Mo rò pé o ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi," ló sọ fún un. "Bí wọ́n bá bi mí lánàá, ǹ bá búra pé o ò tíì lè di okùn bàtà rẹ."

"Bàbá, mo ti lọ́kọ," ni Ìmọ́lẹ̀olúwa wí. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sókè. Omijé ti ń bọ́ lójú òun náà. "Ọmọ tèmi nìyí."

Adégbóyè gbé ọkọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá náà, kí wọ́n lè fi ibẹ̀ han ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó kán an lójú.

Ní Ìdó, àwọn yòókù sọ̀ kalẹ̀. Ìmọ́lẹ̀olúwa ń wá ọ̀kadà tí yóò gbé e dé Ìlógbò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn èrò tó ń padà sí Ìkọ̀lé ti ń di ilẹ̀kùn ọkọ̀ Adégbóyè mú. Ó ní kí wọ́n wá ọkọ̀ mìíràn.

"Padà wọlé, ọmọ mi," ló sọ fún un. "Èmi ni màá gbé ọ délé."

Ọ̀nà tí kò rìn rí ni. Ó ní láti la ojú, ó ní láti béèrè. Nígbà tí oorun gbé Ìmọ́lẹ̀olúwa lọ, ó ṣìnà lẹ́ẹ̀kan wọ oko ẹni ẹlẹ́ni, onílẹ̀ jáde pẹ̀lú àdá, ọ̀rọ̀ di ẹ̀rín, ó sì bu àgbàdo sísè fún wọn. Nígbà tí wọ́n fi dé iwájú ilé Tinúọlá, ìyá Ìmọ́lẹ̀olúwa, ó ń ṣe Adégbóyè bí ẹni tó ti kúrò nílé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Obìnrin kan jáde, ó sanra, irun rẹ̀ funfun, ó lo ìgò ojú. Adégbóyè ń wò kọjá èjìká rẹ̀, ó ń wá obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i.

"Màmá, ẹ wo ẹni tí mo mú wá," ni Ìmọ́lẹ̀olúwa wí. "Ẹ rántí Adégbóyè dírẹ́bà?"

Tinúọlá wò ó dáadáa, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ ọ́ gan-an, sà. Ṣé ẹ̀yin ni bàbá rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Adégbóyè ju ti gbọ̀ngàn lọ. "Èmi fúnra mi ni," ló wí.

Tinúọlá ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ọ̀dọ́mọkùnrin onírun púpọ̀ yẹn?"

"Ìwọ náà ńkọ́? Ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo gbé!"

Wọ́n dúró lójú oòrùn, wọ́n ń wo ara wọn tìyanu-tìyanu, bí ẹni tí wọ́n jọ jí láti ojú oorun kan náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé wọn, ẹ̀rín tó ní ẹkún nínú. Tinúọlá gún iyán. Kí Adégbóyè tó lọ, wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́ pé kí òun náà sọ ọ́ lórúkọ. Ó pè é ní Tiwátọ́pẹ́.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tó délé. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún Fẹ̀yìntọlá, ó rò ó títí ọbẹ̀ fi tutù, kò sì tíì dé orí onílẹ̀ tó fa àdá yọ.

"Ẹ dúró ná," ni Fẹ̀yìntọlá wí. "Òní yìí náà ni gbogbo èyí?"

"Òní yìí náà ni."

Adégbóyè kò di ọ̀dọ́ padà, àyà rẹ̀ ṣì máa ń já bí ẹnì kan bá pè é ní bàbá àgbà. Ọjọ́ Ajé ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n kì í kó èrò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ a wọ ọkọ̀, wọ́n a sì gba ọ̀nà tí wọn ò mọ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, Ùsì ni, òjò ká wọn mọ́ ẹrẹ̀, Fẹ̀yìntọlá ló sọ̀ kalẹ̀ ti ọkọ̀ tòun ti ìró rẹ̀ tuntun. Títí di òní, obìnrin náà kò tíì dárí ji ọkọ rẹ̀.