Iṣu Ìyá Razack

Mọ́kànlá ṣì ni. Mo tún ṣí pọ́táblù, fóònù mi, wò, bí ẹni pé ẹnì kan lè ti ka iṣẹ́ mi láàárín ìgbà tí mo fi bẹ iṣu kan... Mọ́kànlá ènìyàn ló tọ́ka sí i láyé nínú àpilẹ̀kọ tiwọn. Mẹ́rin nínú wọn, èmi náà ni. Ẹ gbà mí! Èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mò ń yìn ín.

Gbogbo ọdún tí mo ti lò ní yunifásítì Kalavi, tí mò ń wá àrùn inú ewé iṣu dé ibi tí ojú lásán ò lè dé, àpilẹ̀kọ márùn-ún péré ló bí. Ìgbìmọ̀ yunifásítì sì fẹ́ mọ iye ẹni tó tọ́ka sí wọn. Bí kò bá tó lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n á gbé ilé àyẹ̀wò mi fún ẹlòmíràn. Ilé àyẹ̀wò mi — mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju... ju ilé ọkọ lọ, ká má parọ́.

Benoît tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń retí èsì mi. "Sikirath, máa tọ́ka sí mi, èmi náà á máa tọ́ka sí ẹ. Ta ni ìyẹn pa lára?" Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àbí? Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é. Kí n ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó tán...

Màmá, tí mo wá kí lábúlé, wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bá ewúrẹ́ jà. Inú ṣì ń bí i nítorí ọ̀rọ̀ àná.

Àná, àwọn obìnrin láti Gouka wá gba èèbù iṣu. Èèbù tí mo gbé wá láti Kalavi ni, èyí tí a ti yọ àrùn kúrò lára rẹ̀, lọ́dún tí oko Màmá bàjẹ́. Màmá gbìn ín, ó pín in, ó ti dé Pira, ó ti dé Koko. Níhìn-ín, orúkọ ẹni tó kó iṣu fún ọ ni o máa ń fi pe iṣu náà; orúkọ Razack ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n sì fi ń pe Màmá. Ni wọ́n bá ní: "Ẹ fún wa ní Ìyá Razack díẹ̀."

Màmá fara ya! "Kí ni Razack ṣe nínú rẹ̀? Razack tó wà ní Savalou, tó ń tún alùpùpù ṣe?" Ó jókòó lé apẹ̀rẹ̀ èèbù, ó ní ẹni tí kò bá pè é dáadáa ò ní mú ẹyọ kan lọ. "Sikirath ló ń jẹ́. Ẹ pè é kí n gbọ́." Àwọn ìyálọ́mọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ ilé kéú: "Sikirath." Ojú tì mí, mo sá wọlé.

Sétou, ọ̀kan nínú wọn, tẹ̀ lé mi. "Ṣé ìwọ gan-an nìyí? Lọ́dún tí iṣu yòókù bàjẹ́, iṣu tìrẹ nìkan la jẹ." Ó di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀.

Sétou jẹ iṣu náà yó kó tó pe orúkọ mi. Benoît... Benoît ò tíì ka ojú ewé kan nínú iṣẹ́ mi.

Áà. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Kì í ṣe iye.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o. Ìgbìmọ̀ ò ní ka àwọn obìnrin Gouka mọ́ iye náà, wọ́n sì lè gba ilé àyẹ̀wò lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti ń tẹ èsì náà lọ...

Benoît, ọ̀rẹ́ mi, kọ́kọ́ kà á ná.