Ilẹ̀ Tí Màmá Ń Ro

"Bàbá Ìlérí, ẹ tètè máa bọ̀," Alhaja Modinat sọ lórí fóònù. "Màmá yín ti jókòó sáàárín pápá, wọn ò jẹ́ káwọn lébìrà ráyè ṣiṣẹ́."

Ilésanmí dìde nídìí tábìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba tó wà ní Aláùsá. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó wọnú mọ́tò, ó doríkọ Agége.

Pápá yẹn ni ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù láìkọ́lé sí ní ẹ́sítéètì wọn. Ààtàn ni tẹ́lẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ìdọ̀tí ibẹ̀ a máa bá omi wọlé onílé. Ìgbà tí ẹgbẹ́ onílé yan ìgbìmọ̀ tí yóò tún un ṣe, Ilésanmí ni wọ́n fi ṣe alága, Alhaja Modinat sì ni igbákejì rẹ̀. Wọ́n kó ààtàn, wọ́n la gọ́tà, wọ́n ṣe ìjókòó sábẹ́ igi furúùtù. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Koríko àti òdòdó ló kù. Ilésanmí fúnra rẹ̀ ló dìde nípàdé, tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbin ohun jíjẹ síbẹ̀, nítorí bí ẹnì kan bá gbin ilá, ẹlòmíràn á kọ́ ilé adìẹ. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Ìyá rẹ̀ ò tíì dé Èkó nígbà náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ajínigbé gbé aládùúgbò ìyá náà lójú ọ̀nà oko, ní abúlé wọn l'Ékìtì, ni Ilésanmí bá sáré lọ mú ìyá rẹ̀ wá sílé rẹ̀. Àgbẹ̀ paraku tó ti ń kọ ebè láti ìgbà ọmọge wá di ẹni tó ń jókòó sí pálọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Àfi ọjọ́ kan tó ra ọkọ́, tó gba pápá lọ, tó kọ ebè, tó sì gbin ewébẹ̀ ṣọkọ síbẹ̀. Nígbà tí ṣọkọ rẹ̀ yọrí, ó ń jẹun, ó tún ń kọrin. Ilésanmí dákẹ́. Ìgbìmọ̀ náà dákẹ́ nítorí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n koríko tí wọ́n fẹ́ gbìn sí pápá ti dé báyìí.

Nígbà tó dé pápá, èrò ti pé jọ. Ìyá rẹ̀ wà lórí àpótí láàárín ebè, ọkọ́ lórí itan. Koríko tí wọ́n kó wá ń rọ nínú oòrùn.

"Ọ̀gá, a ò lè gbé Màmá," ni Quadri, olórí àwọn lébìrà, wí. "Ìyá tiwa náà ni. Ṣùgbọ́n koríko yìí ń kú lọ o."

Alhaja fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ má bínú sí mi. Bàbá Olúwaníyì ti ní bí Màmá bá lè gbin ewébẹ̀, òun náà á kó ewúrẹ́ òun wá síbí. Ẹ̀yin lẹ mú òfin yìí wá. Kí la fẹ́ wí fún un?"

Ilésanmí rò ó wò. Bó bá gbè sẹ́yìn ìyá rẹ̀, pápá á padà di ààtàn. Bó bá sì gbè sẹ́yìn ìgbìmọ̀, ojú wo ni yóò fi wo ẹni tó bí i? Ó lọ lóṣòó níwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Ilé wo?"

Ilésanmí na ọwọ́ sí i láti fà á dìde.

"Mo ní ilé wo, Ilésanmí? Èyí tí o ní n ò gbọdọ̀ padà sí, àbí èyí tí mo ti ń wo ògiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀?"

"Màmá, wọ́n lè pa yín lóko."

"Mo mọ̀. N ò bá ọ jà. Ìwọ náà ò ríbi yà sí." Ó wo àwọn èrò náà yíká. "Ṣé wọ́n ń bínú sí ọ nítorí mi ni?"

"Rárá, mà. Èmi ni mo ṣòfin ọ̀hún."

Ìyá náà mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìdí ṣọkọ kan tu, ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, ó sì gbé e lé itan. Ó tún fa òmíràn. Alhaja ká ọwọ́ híjáàbù rẹ̀ sókè, òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń bá a tu ú.

Nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ ní òun ti yó, bẹ́ẹ̀ kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri. Ilésanmí jáde síwájú ilé, níbi tí wọ́n da kọnkéré sí láti géètì dé ẹnu ọ̀nà. Ó wa mọ́tò rẹ̀ síta. Ó yá dígà lọ́wọ́ Quadri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ilẹ̀.

Oyèníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sáré yọjú. "Bàbá Ìlérí, kí lẹ ń fọ́? Níbo ni mọ́tò á máa sùn?"

"Ìta."

"Ìta kẹ̀! Wọ́n á yọ táyà ẹ̀!"

"Jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́."

Ó fọ́ ibi tó tó ẹní kan. Ó gbójú sókè, ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó bu erùpẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rún un.

"Iyanrìn ni," ó wí. "Kò lè hu nǹkan kan."

Ilésanmí fẹ̀yìn ti ògiri.

"Àfi bá a bá rí ìgbẹ́ màlúù," ni ìyá rẹ̀ tún wí.

"Ó kún Oko Ọba fọ́fọ́, Màmá. Ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ò jìnnà síbí. Ẹ jẹ́ kí n wá àpò, kí n lọ bù ú wá."

"Ìwọ? O mọ èyí tó jinná yàtọ̀ sí tútù?" Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó yí padà sínú ilé. "Dúró dè mí. Jẹ́ kí n mú bàtà mi."