Ìbọn Tí Mo Fi Pamọ́ Sábẹ́ Iṣu

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, kí oníkálukú na ọwọ́ gba àgbàdo sísun tirẹ̀, kí ẹ wá gbọ́ ibi tí ojú àlá gbé mi dé.

Mo wà nínú yàrá ìbọn mi, oòrùn so mọ́ àjà bí àtùpà. Ògiri yàrá náà ti di ti ilé bàbá mi, amọ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Ìbọn ọdẹ mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń kó jọ láti ìgbà ọmọge jókòó sórí ìkọ́ wọn, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà. Ṣakabùlà tí mo rà ní Ìgbòho ní iyọ̀ kò tó. Mo bu iyọ̀ sí i.

Bàbá mi, Ọdẹ́tókun, wọlé. Ó ti kú láti ọdún mọ́kànlélógójì, àmọ́ ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bó ti máa ń ṣe. Pòròpórò àgbàdo gbígbẹ kan ló gbé kọ́ èjìká bí ìbọn.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Kí lẹ fi ń ṣọdẹ yìí?"

"Ìwọ ló yẹ kí n bi, Àwẹ̀ró."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣe ìṣípà, wọ́n á kó ẹrù ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó, kó lè rí i lò lọ́hùn-ún. Nígbà tí ti bàbá mi kàn, mo ti gbé Dákẹ́jẹ́, ìbọn rẹ̀, pamọ́ sábẹ́ iṣu. Mo fẹ́ràn rẹ̀ jù. Àpò àti fìlà nìkan ni wọ́n rí gbé lọ. Dákẹ́jẹ́ ni mo kọ́kọ́ ní. Òun ló bí àwọn yòókù.

"Ẹtu ń fi mí rẹ́rìn-ín," ni Bàbá wí. "Ọ̀yà ń bi mí bóyá oko ni mò ń lọ."

Àwọn ìbọn rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dànù.

Mo ní kó mú mẹ́rìndínlógún, kó ṣáà fi Dákẹ́jẹ́ sílẹ̀ fún mi. Ó gbé ìkínní. Ìbọn náà ní, "Èmi kọ́ o, Bàbá." Ìkejì ní ẹ̀yìn ń dun òun. Bó ti ń lọ ni yàrá ń gùn sí i, títí ó fi di ọ̀nà oko. Dákẹ́jẹ́ wà ní ìparí rẹ̀, ó ń sunkún epo pupa. Ó kọrin:

*Àwẹ̀ró nù mí, ó fepo kùn mí,*
*Ara mi ń dán, ebi ń pa mí.*
*Igbó lọkọ mi o,*
*Ẹ mú mi relé ọkọ.*

Ta ni yóò gbọ́ orin ìyàwó tí kò ní gbè é? Mo gbè é. Mo fi gèlè mi bò ó lórí, mo gbé e fún Bàbá. Ọwọ́ mi kọ̀, kò ṣí.

"Àwẹ̀ró, tú u sílẹ̀."

Mo tú u sílẹ̀.

Ó yìnbọn náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹtu kan jáde láti inú ògiri, ó ti jinná, ata wà lára rẹ̀. Àwọn ìbọn jẹ, Bàbá jẹ, èmi náà jẹ. Ẹtu náà jókòó tì wá, ó jẹ tirẹ̀. Bàbá wọ bàtà, ó gbé Dákẹ́jẹ́ kọ́ èjìká, ó lọ. Àwọn tó kù gun ìkọ́ wọn.

Nígbà tí mo jí, mi ò fẹ́ oúnjẹ àárọ̀. Mo wọ yàrá. Ìbọn mẹ́rìndínlógún. Lórí ìkọ́ Dákẹ́jẹ́, pòròpórò yẹn ló so rọ̀, ó ti tutù yọ̀yọ̀, ó sì ti yọmọ láti òkè délẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ya èyí tí ẹ ń jẹ yìí. Ó dùn, àbí kò dùn? Ẹ nu ẹnu yín. Ẹ ti yó, ẹ máa lọ ilé.