Ohùn Àsánì

"Ẹ̀gbọ́n, lójú tèmi o, ẹyẹ kan náà ni wọ́n." Dàpọ̀ ti àwo tí òkú ẹyẹ méjì wà nínú rẹ̀ sún mọ́ Ùsáínì. "Prof, ọ̀gá wa, máa dé láti Clear Lake lọ́sàn-án. Ṣé kí n kọ ọ́ pé same species ni?"

"Má kánjú," ni Ùsáínì dáhùn.

Igbó orí òkè ní erékùṣù Niu Gínì ni wọ́n ti kó àwọn ẹyẹ náà wá sí mùsíọ́mù tí àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ ní Houston. Oyin inú òdòdó ni wọ́n ń fi ahọ́n lá nígbà ayé wọn. Ní báyìí, òwú ló kún inú wọn. Ìyẹ́ wọn jọra, àgógó wọn jọra. Àwọ̀ awọ ojú wọn àti igbe wọn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ nínú igbó, ṣùgbọ́n ikú ti pa àwọ̀ náà rẹ́, òkú ẹyẹ kì í sì í ké.

Iṣẹ́ tí Ùsáínì fẹ́ràn ni tẹ́lẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí ọkọ̀ ti pa Àsánì, ìkejì rẹ̀, ní Kàdúná, kò lè wo ohun méjì tó jọra kí omi má lé ròrò sí i lójú.

Tẹlifóònù dún. Hajarat ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ìyá wọn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ n'Íbàdàn.

"Ùsáínì, Ìyá ò gbádùn rárá. Àsánì ni wọ́n ń bèèrè ṣáá. O mọ̀ pé kì í jẹ́ kí Jímọ̀ kọjá láì pè wọ́n."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Pé ó rìnrìn àjò. Ta ló ń sọ fún ìyá ìbejì pé ọ̀kan ti kú?" Ó mí kanlẹ̀. "Ohùn yín ò yàtọ̀. Bá wọn sọ̀rọ̀ bí Àsánì, kí ọkàn wọn lè balẹ̀."

"Irọ́ nìyẹn, Àǹtí."

"Mo mọ̀. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ṣé ìwọ lo máa la ẹnu sọ ọ́ fún wọn? Dúró, kí n lọ mú wọn wá láti yàrá."

Ó wu Ùsáínì kó kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ìkejì rẹ̀, ẹnu wo ni yóò fi kọ ohun tí àwọn ará ilé bá bẹ̀ ẹ́? Ó ṣẹ́jú sí Dàpọ̀, ìyẹn sì jáde.

"Ta nìyẹn?" ni ohùn ìyá bèèrè.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Ìyá. Àsánì ni." Ó rẹ́rìn-ín lé e, nítorí ẹlẹ́rìn-ín ni Àsánì. "Iṣẹ́ ló gbé mi jìnnà."



"Ùsáínì," ni ìyá wí jẹ́jẹ́. "Èmi tí mo fún ẹ̀yin méjèèjì lọ́mú, ta lẹ rò pé ẹ ń tàn? Ìgbà wo ni wọ́n sin ín?"

Ùsáínì gbọ́ tí Hajarat bú sẹ́kún lẹ́yìn ìyá. Ó ṣì lè sẹ́. Ó tilẹ̀ la ẹnu láti rẹ́rìn-ín bí Àsánì lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò wá.

"Oṣù tó kọjá, Ìyá. Kàdúná ni wọ́n sin ín sí."

"Ṣé wọ́n sin ín dáadáa?"

"N ò mọ̀, Ìyá. N ò sí níbẹ̀."

"Èmi náà ò sí níbẹ̀," ni ìyá wí. "Má tíì gbé fóònù sílẹ̀. Jẹ́ ká jọ sunkún ẹ̀."