Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta Funfun, Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta Yẹ́lò

Ìyá mi máa ń sọ pé ojú àánú mi ló máa pa mí. Irọ́ ni. Èmi kọ́ ló fẹ́ pa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látibi ìwé. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mẹ́rìnlá la kó ara wa jọ láti ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún àwọn ará Bàrígà lọ́jọ́ Sátidé kan, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi Ayọ̀kúnnúmi ni wọ́n ní kí n lọ tẹ káàdì. Mo bá ọ̀gá atẹ̀wé kan ní Ṣómólú, mo ní kó bá wa tẹ̀ ẹ́ bíi risíìtì: ewé funfun kan, ewé yẹ́lò kan, nọ́ńbà kan náà lára méjèèjì. Funfun ni ti aláìsàn. Yẹ́lò á wà lọ́wọ́ wa. Ọgọ́rùn-ún èèyàn péré ni agbára wa ká. Dọlápọ̀ tó jẹ́ olórí wa wò ó, ó ní, "Ayọ̀, o gbìyànjú." Inú mi dùn, torí Dọlápọ̀ kì í yin èèyàn bọ̀rọ̀.

Ẹnu géètì ni wọ́n fi mí sí. Kí aago mẹ́wàá tó lù, funfun ti tán, èèyàn sì ṣì tò dé ojú títì. Àwọn ìyá arúgbó tó ti dúró láti ìdájí ń pè mí ní dókítà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí o, mi ò tíì fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀gá kan dúró tì mí, àgbàlagbà wá ń kúnlẹ̀ níwájú mi.

Ọkùnrin kan wà láàárín wọn, ó ga, ó gbẹ, gọ́ọ̀mù ti gbẹ sí ìka ọwọ́ rẹ̀. Bàbá Yísà ni wọ́n ń pè é. Ìwé ló ń dì pọ̀ fún àwọn atẹ̀wé, ní Fọlá Agoro.

"Dókítà mi," ó ní, "ẹ má dá mi padà. Ṣọ́ọ̀bù ni mo tì wá. Ẹ ṣáà fún mi ní ohun tó ní nọ́ńbà lára."

Ó yẹ kí n sọ fún un pé kò sí mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo wẹ̀yìn wò bóyá Dọlápọ̀ ń wò mí, mo fa yẹ́lò kan yọ láàárín, kì í ṣe lókè, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ṣàdúrà fún mi. Àwọn tó kù fẹ́ máa pariwo, mo ti géètì mọ́ wọn. Kí n má parọ́, àdúrà yẹn dùn mọ́ mi. Mo ń rìn bí ẹni tó ti gboyè.

Lọ́sàn-án, wọ́n gbé mi lọ sídìí tábìlì tí a ti ń kọ èsì. Bí wọ́n bá ti gún èèyàn níka tán nídìí àyẹ̀wò ṣúgà, wọn á kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti iye ṣúgà rẹ̀ sínú pépà pélébé, wọn á jù ú sínú páálí tó wà níwájú mi. Èmi á wá pépà náà kàn, màá kọ iye yẹn sára káàdì ẹni tó ni ín, màá sì dá pépà náà padà sísàlẹ̀ páálí. Kò sí orúkọ lára pépà, nọ́ńbà nìkan ni, ẹnikẹ́ni kì í sì wo àwọ̀ káàdì. Èmi gan-an ni mo dá a lábàá, mo ní orúkọ máa ń fi àkókò ṣòfò.

Bàbá Yísà dé iwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ojúlùmọ̀. Mo wá mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, mo rí i lókè: méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ara tó dá ṣáṣá nìyẹn. Mo kọ ọ́ sára yẹ́lò rẹ̀: "Ṣúgà 98. Ó dára." Orí mi tún wú, mo fi kún un: "Ẹ kú oríire." Ta ló rán mi? Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà kí ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Oyèbísí tó gbé funfun tirẹ̀ ti ìdí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru dé. Oòrùn ti mú mi, orí ń fọ́ mi. Mo tún wá mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, mo tún rí i: irínwó ó lé méjìlá. Ó yẹ kí n bi ara mi pé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta wo tún nìyẹn. Ojú mi kàn là lásán ni. Mo kọ ọ́, mo ní kó lọ rí dókítà àgbà tó tẹ̀ lé wa wá, ìyẹn sì fún un lóògùn ìtọ̀ ṣúgà.

Aago mẹ́ta ku díẹ̀, a ti parí, Dọlápọ̀ ń ka pépà inú páálí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún," ó ní. "Ọgọ́rùn-ún èèyàn la gbà wọlé. Sixty-four méjì ló wà níbí, ninety-eight lọ̀kan, four hundred and twelve lèkejì. Ta ló ya yẹ́lò?"

Mo ń wo bàtà mi.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ta ló ya yẹ́lò?"

"Èmi ni."

"Ayọ̀! Ta lo fún?"

"Bàbá kan. Ó bẹ̀ mí ni."

"Ó bẹ̀ ẹ́." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Bóyá ẹnì kan ti gbé oògùn tí kì í ṣe tiẹ̀ lọ. Ẹnì kan ní ṣúgà four hundred, a sì ti ní kó máa yọ̀. Dìde ńlẹ̀ jàre."

A ti kọ orúkọ àti àdírẹ́sì gbogbo ẹni tó gba funfun sínú ìwé wa, nítorí náà àdúgbò Pedro la kọ́kọ́ sáré lọ. Màmá Oyèbísí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, oògùn wà nínú ọ̀rá lórí itan rẹ̀, àwo ìrẹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó jẹun kó tó lò ó, oúnjẹ kò sì lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Dọlápọ̀ gún un níka. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Dọlápọ̀ kúnlẹ̀ gba oògùn padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwa la ṣe àṣìṣe.

"Mo ti pe àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan," ìyá náà ní, "mo ti sọ ẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá irú ẹ̀rù yìí ba ìyá yín."

Mo ṣe àmín.

Ó ku Bàbá Yísà. Ẹni tó gba yẹ́lò kò sí nínú ìwé kankan. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni pé ó ń di ìwé ní Fọlá Agoro. A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, a bi èèyàn mẹ́ta kí a tó rí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì pa. Ọmọbìnrin kan tó ń bá a ká ìwé, Serifat, ń gbá àjákù ìwé níwájú ilé.

"Bàbá ti lọ sí Ìṣẹ́yìn," ó ní. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tó ti ń rẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn ò lè rìnrìn àjò. Ìgbà tí wọ́n ti ibi àyẹ̀wò dé, wọ́n ní ara àwọn ti dá. Ìgò mọ́ọ̀tì méjì ni wọ́n mu, wọ́n ra ọ̀kan fún èmi náà. Ẹ wò ó, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀."

Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Káàdì yẹ́lò ló wà níbẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, ìkọ̀wé mi sì hàn ketekete: Ṣúgà 98. Ó dára. Ẹ kú oríire. Ojú tì mí, ẹ̀rù bà mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Serifat bá wa pè é, ó ní dókítà wọn ló ń wá wọn, ó sì ṣe fóònù kí gbogbo wa lè máa gbọ́.

"Dókítà mi!" Ariwo ọkọ̀ wà lẹ́yìn ohùn rẹ̀. "Ṣé ẹ wá mi wá ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, kí ẹ wá ọsibítù lọ. Ṣúgà yín ti ga jù. Èyí tí mo kọ fún yín, ti ìyá kan ni."

"Ṣúgà kẹ̀? Òùngbẹ nìkan ló ń gbẹ mí. Omi ọ̀rá mẹ́rin ni mo ti mu nínú ọkọ̀ yìí. Tí kì í bá ṣe pé ẹ ti yẹ̀ mí wò, ẹ̀rù ì bá ti máa bà mí."

Dọlápọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Yísà, láti ẹnu géètì dé ìdí páálí. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Nọ́ńbà mélòó ni ti ìyá yẹn?" ó ní.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, sà."

"Tèmi ńkọ́?"

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta."

"Ọmọ mi, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń di risíìtì. Ohun tó bá wà lára funfun ló ń wà lára yẹ́lò. Ẹnì kan ló ni méjèèjì. Mi ò rí i rí kó jẹ́ ti ẹni méjì."

"Èmi ni mo bà á jẹ́, sà."

"O fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́. O tún kí mi kú oríire. O wá ní kí n sọ̀ kalẹ̀ sáàárín igbó báyìí. Èwo ni kí n gbà, ìwé àbí ẹnu?"

"Ẹnu, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu."

"Ká délé ná," ó ní. Ó pa fóònù.

Serifat tún pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé mọ́. Dọlápọ̀ ń gba nọ́ńbà àbúrò Bàbá Yísà tó wà ní Ìṣẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi dojú kọ ilẹ̀kùn, mo ń fi èékánná ha káàdì náà kó lè ṣí. Gọ́ọ̀mù Bàbá Yísà dára. Etí ìwé nìkan ló ń já sí mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí mo kọ ṣì wà níbẹ̀.