Àmì Funfun Apá Àrìnpé Lọ Rí Dókítà

"Ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá lọ́sàn-án yìí fún yín, kó tó sá mọ́ mi lọ́wọ́!" Báyìí ni Àrìnpé, ìyá tó ń yan gàrí ní Ìgbòho, ṣe pè wá, tí gbogbo agboolé fi pagbo yí i ká.

Kí ẹ tó gbọ́ àlá, ẹ gbọ́ ohun tó ṣáájú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Ìbídùn, bí ọkùnrin. Ọmọ pé ọjọ́ mọ́kànlá, ìyá àgbà kò tíì fọwọ́ kàn án. Àmì funfun kan yọ sí Àrìnpé fúnra rẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ̀rù sì ń bà á pé ẹ̀tẹ̀ ni, kó má lọ ran ọmọ. Dókítà awọ ara kò sí nítòsí, àfi Ìbàdàn. Ni Nọ́ọ̀sì Fadérera ti ilé ìwòsàn àdúgbò bá fi fóònù ya àwòrán apá náà, ó fi ránṣẹ́ sí dókítà kan níbẹ̀. Wọ́n ń retí èsì. Ní ọjọ́ kẹta ni oorun gbé Àrìnpé lọ lórí ẹní.

Kò pẹ́ tó sùn tí àmì funfun náà dìde jókòó lórí apá rẹ̀, ó wúkọ́.

"Ìyá àgbà, àwòrán yìí ti sú mi. Màá lọ rí dókítà fúnra mi."

"Ṣé o ti jẹun?" ni Àrìnpé bi í.

"Ó di ìgbà tí mo bá dé."

Ó fò pọ́ọ́, ó kó sínú fóònù. Àrìnpé ká ìró sókè, ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ fóònù, ó ki tòsì bọ̀ ọ́, ó wọlé. Inú rẹ̀ dùn. Kò mọ̀ pé àyè pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ́fíìsì dókítà léfòó lójú ọ̀run. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ẹní so àgbò. Lẹ́nu ọ̀nà, eékún, etí àti gìgísẹ̀ tò lọ bẹẹrẹ láìsí ẹni tó ni wọ́n. Gìgísẹ̀ kan tó ti là kí i, "Ẹ káàsán, mà." Ó jẹ́ ẹ, ó sì tò sẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó kàn án, akọ̀wé gba fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ." Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ, ó sì ń jẹ fọ́ọ̀mù náà.

"Ọ̀gá, ẹ rọra o," ni Àrìnpé wí, "kò ní ẹ̀dà."

"Iyọ̀ ibẹ̀ tó," ni òbúkọ dáhùn, ó fi ìwo ṣílẹ̀kùn fún un.

Dókítà nìyẹn, obìnrin kan tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ. Àmì funfun ti jókòó níwájú rẹ̀ lórí àga.

"Ṣé ó ń yún yín, Ìyá?"

"Ó ń yún mi gan-an ni, dókítà."

"Ẹ ò gbọ́ ọ!" ni àmì náà kígbe. "Ẹ̀tẹ̀ kì í yúnni. Èmi àti ẹ̀tẹ̀ ò bára tan rárá!"

Ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun Àrìnpé láti àtẹ́lẹsẹ̀. "Dókítà, ṣé mo lè gbé ọmọ náà?"

Dókítà la ẹnu, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Okùn já. Atẹ́gùn ń gbá ọ́fíìsì lọ. Àrìnpé di ìwo akọ̀wé mú, ó ń pariwo, "Ṣé mo lè gbé e? Ṣé mo lè gbé e?"

Igbe yìí ló jí i. Ní àgbàlá, Nọ́ọ̀sì Fadérera ti gun orí àpótí, ó na fóònù sókè, òun náà ń pariwo: "Ohùn yín ń já, dókítà! Ẹ tún un wí!"

Ohùn obìnrin kan dáhùn kedere: "Ẹ sọ fún Ìyá pé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Kò lè ran ẹnikẹ́ni. Omi ẹ̀gẹ́ tó ń kán sí wọn lápá ni awọ ara wọn kò fẹ́. Kí wọ́n máa wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n sì máa fi ìpara tí mo kọ—"

Àrìnpé kò dúró gbọ́ ti ìpara. Ó ti wọ yàrá Ìbídùn, ó ti gbọ́mọ. Kò tíì gbé e mọ́ra dáadáa tí ọmọ fi tọ̀ sí i lápá, tọ̀ọ̀ọ̀.

"Máa tọ̀, ọkọ mi," ló wí, ẹ̀rín àti ẹkún dà pọ̀ lójú rẹ̀. "Máa tọ̀."

Ìbídùn nawọ́ láti gbà á. Ìyá rẹ̀ kẹ̀yìn sí i.