Ọ̀já Ọrùn-Ọwọ́ Aránṣọ

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, ọrùn-ọwọ́ aránṣọ ló kọ́kọ́ fura. Etí rẹ̀ ti di láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún rédíò ṣe, ti ṣe ọ̀já kan fún un tó ń sọ ohùn di gbígbọ̀n. Láràárọ̀, kí ẹ̀gbọ́n tó jáde, á fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á wá bi í bóyá gbígbọ̀n náà dé ọwọ́ rẹ̀: “Ó dé?” Aránṣọ á wo ètè rẹ̀, á dáhùn pé, “Ó dé.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, níbi tó ti ń ká etí ṣòkòtò, ọ̀já náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gùn, ó ń ga, ó ń lọ sílẹ̀. Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Gbígbọ̀n náà kò dáwọ́ dúró. Ó gbé ọwọ́ sún mọ́ ògiri yàrá ìyá rẹ̀. Ó túbọ̀ le sí i.

Ó wọlé. Ìyá yára nu ojú, ó rẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá rẹ̀, tí kì í wá lọ́jọ́ iṣẹ́, jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, fìlà lórí orúnkún.

“Eyín ló ń dùn mí,” ni ìyá wí.

“Màmá, eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu yín. Èwo nínú wọn?”

Àbúrò bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹnu ọmọ yìí mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ! Padà sídìí iṣẹ́ rẹ, jàre.”

Ẹ̀rín ọ̀hún rí bí aṣọ tí wọ́n rán láìwọn ara. Ìfura loògùn àgbà; aránṣọ kẹ́yìn sí wọn bí ẹni ń lọ. Ọ̀já ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ó yí padà: ẹ̀rín ti tún wà lójú àwọn méjèèjì. Ó tún kẹ́yìn, ọ̀já tún gbọ̀n. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti mọ́ wọn lára láti tún ojú ṣe níwájú rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ohùn ṣe bó ṣe wù ú. Wọ́n gbàgbé pé ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ti ní etí.

“Bọ̀ọ̀dá mi dà?”

“Ó lọ gbé òpó rédíò kan sórí òrùlé oníbàárà. Ó ń bọ̀,” ni ìyá wí.

“Ta ló wá ń sunkún lẹ́yìn mi?” Ó gbé ọwọ́ náà lé ọ̀fun ìyá rẹ̀. Ìyá pa ètè dé, ṣùgbọ́n ọ̀fun ò gbà.

Àbúrò bàbá dìde, ó dúró síbi tí aránṣọ ti lè rí ẹnu rẹ̀. “Ó já bọ́ lórí òrùlé,” ló wí díẹ̀díẹ̀. “Kò sí mọ́, ọmọ mi. Ẹnu tí a ó fi sọ fún ọ la ń wá.”

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, aránṣọ nìkan lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n. Ó nu eruku orí tábìlì. Ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

“Bọ̀ọ̀dá,” ni ó wí, “ó dé.”